Ọkọ̀ Ilésanmí

Sànúsí Onígiramafóònù kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn bí ó bá ti tú ẹ̀rọ palẹ̀. Kí wọ́n kí i, yóò mi orí. Kí wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò tún mi orí. Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí àkọ́bí àwọn, wọ́n ránṣẹ́ sí i ní ìsọ̀, ó mi orí. Wọ́n ní ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà, ó tún mi orí. Ìgbà tó de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fò dìde, tó ń bi àwọn ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ pé ta ló bímọ. Sànúsí ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, gbogbo Ìkọ̀lé mọ ẹni tí àwọn gbà gbọ́.

Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́ aago lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Hítílà ló padà wálé, ó gba ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ó kọ́ aago mẹ́ta sára ògiri, ó jókòó, ó ń retí oníbàárà. Kò pẹ́ tó fi rí i pé aago nìkan kò lè bọ́ ilé. Ìlú àgbẹ̀ ni. Ta ló máa wo aago kó tó lọ kọ ebè? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba giramafóònù nìyẹn, tó gba maṣíìnì ìránṣọ, tó gba dáínámò kẹ̀kẹ́ àti àtùpà gáàsì. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ̀ rí, imú ló kọ́kọ́ máa ń gbé e sí. Ó ní òórùn ẹ̀rọ kì í tan èèyàn jẹ: èyí tó jóná ní òórùn tirẹ̀, èyí tí omi wọ̀ náà ní tirẹ̀.

Ohun tó wuni jù lára ọkùnrin yìí ni pé ẹ̀rọ kò yéé yà á lẹ́nu. Giramafóònù tó ti tún ṣe ní àìmọye ìgbà, bí orin bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, Sànúsí yóò fọwọ́ bo ẹnu, yóò ní, "Súbúhánálláhì," bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣẹ̀dá orin. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rí ohun gbogbo láyé, tí nǹkan kan kò sì yà á lẹ́nu mọ́, ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún kejì òmìnira, nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ, ọkùnrin kan gbé giramafóònù wá sí ìsọ̀. Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án, ọmọ òun kò fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ náà kàn dákẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Sànúsí gbé e sókè, ó mì í, ẹ̀pà mẹ́ta yí gbirigbiri jáde nínú rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ ti wọkọ̀ Ilésanmí."

Ní Ìkọ̀lé nígbà náà, àti títí dé Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, bí wọ́n bá ní o ti wọkọ̀ Ilésanmí, wọ́n ti pè ọ́ ní òpùrọ́ láìbú ọ. Ọmọkùnrin kan ni Ilésanmí í ṣe, ọmọ Ìkọ̀lé gan-an. Ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, òun ló ń da èédú sínú iná tí ń mú ọkọ̀ ojú irin rìn láàárín Ọ̀fà àti Jẹ́bà. Ojú irin kò dé Èkìtì. Ìwọ̀nba àwọn tó ti dé Ọ̀ṣogbo ti rí ọkọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n rí. Kò sí ẹni tó yọjú wo iwájú níbi tí awakọ̀ ń dúró sí. Nígbà kan tí Ilésanmí wá lo ìsinmi nílé, ó jókòó níwájú ilé bàbá rẹ̀, ó ń ròyìn. Ó ní ọkọ̀ náà ń jẹ iná, ó ń mu omi. Wọ́n gbà. Ó ní ó ń fa ohun tó gùn ju àdúgbò kan lọ. Wọ́n gbà. Ó wá ní awakọ̀ kò ní sítíárìn kankan níwájú, kò ju kó mú un lọ, kó dá a dúró. Bó bá dé kọ́nà, ọkọ̀ yóò yà fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Morákinyọ̀ Dẹ́rẹ́bà ti bú sẹ́rìn-ín. Morákinyọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní lọ́rì ní àdúgbò náà. Ó ti wakọ̀ dé Èkó, ó ti wakọ̀ dé Kánò, ọwọ́ rẹ̀ le koko nítorí sítíárìn. Ó ní, "Ọkọ̀ tí kò ní sítíárìn? Kọ́nà àkọ́kọ́ ni yóò ti wọ ugbó." Ta ló wá mọ ọkọ̀ ju dẹ́rẹ́bà lọ? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ilésanmí ń búra, bó sì ṣe ń búra ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibà mú un ní Ọ̀fà kí ìsinmi mìíràn tó tó, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Wọ́n sin ín, wọn kò sin yẹ̀yẹ́ náà. Ìlú a máa burú báyẹn nígbà mìíràn, láìmọ̀ pé òun burú.

Sànúsí ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè, tó rí Àṣàkẹ́, ìyá Ilésanmí, ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, pẹ̀lú àpótí lórí.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Oníbàárà ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Sànúsí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀.

"Dìde," ni obìnrin náà wí. "Gbogbo ùlú ló ń wí i. Uṣẹ́ ni mo gbé wá fún ọ. Wá sọ̀ mí."

Sànúsí sọ̀ ọ́, ó gbé àga fún un. Àṣàkẹ́ tú okùn ara àpótí, ó gbé ohun kan jáde nínú aṣọ funfun, ó gbé e lé tábìlì. Orí rélùwéè ni, kékeré, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo ohun tí àwọn tó lọ sí Ọ̀ṣogbo ti ròyìn ló wà lára rẹ̀: ihò èéfín lórí, àwọn ẹsẹ̀ irin lábẹ́, ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ kan mọ́ èkejì, ilé kékeré lẹ́yìn níbi tí awakọ̀ ń dúró sí. Ọ̀dà ewé tútù tí wọ́n fi kùn ún ti ṣí láwọn ibì kan, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ń dán. Ìyókù inú àpótí náà jẹ́ ojú irin kéékèèké, àwọn kan tọ́, àwọn kan tẹ̀ kọdọrọ, tí a lè so pọ̀ di òbìrí. Sànúsí gbé ọkọ̀ náà sún mọ́ ojú. Irú ọwọ́ wo ló ṣe èyí? Ó ka ìṣó orí rẹ̀, ó rí i pé wọn kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó ló fún un nígbà tó ń padà sílé," Àṣàkẹ́ wí. "Ó ti gbó kó tó fún un. Wọ́n ní ó fẹ́ gbé e wálé kó lè fi hàn wá, kí ibà tó mú un. Mo ti rò pé ère ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣuṣẹ́ ń lọ sí Ọ̀mùò, ó yà kí mi. Ó ní kì í ṣe ère. Ó ní bí uná bá wọ̀ ọ́, yóò rìn."

"Ẹ bi í nípa ti sítíárìn?"

"Mo bi í. Ó ní òótọ́ lọmọ mi wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kí lo fẹ́ kó wí?" Ó ń ká aṣọ funfun náà. "Sànúsí, mo gba Morákinyọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ọmọ mi mọ́ purọ́ níwájú àlejò mọ́. Ojú ọ̀tún mi ti lọ, ti òsì ti ń ṣe kùrukùru. Kó tó lọ tán, mo fẹ́ rí nǹkan yìí níbi kọ́nà. Mo fẹ́ mọ ẹni tí mo bí, bóyá òpùrọ́ ni àbí olóòótọ́."

Sànúsí wo ojú rẹ̀. Ó ti tún aago Kábíyèsí ṣe rí, kò bẹ̀rù. Iṣẹ́ yìí ló bà á lẹ́rù.

Ó kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń wáìnì í, tí wọ́n ti ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, nítorí ohun tó mọ̀ nìyẹn: giramafóònù ń gba wáìnì, aago ń gba wáìnì. Kò sí. Ó gbìyànjú láti fi ìka yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀, kò yí. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó sì rí ahọ́n irin pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ikùn rẹ̀, tó ń ṣe fìrì fìrì bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Wáyà wà níbẹ̀, tó tín-ín-rín bí irun. Nígbà náà ló tó mọ̀ pé iná mànàmáná ló ń jẹ. Kò sì sí iná mànàmáná ní Ìkọ̀lé nígbà náà àyàfi èyí tí Ọlọ́run bá rán wá pẹ̀lú òjò. Ó to bátìrì tọ́ọ̀ṣì pọ̀, ó gbé wáyà kàn án. Ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ mí. Ó ní bóyá iná náà ló kéré, ó di kí òun wá bátìrì lọ́rì.

Lọ́rì kan ṣoṣo ló wà nílé ní ọ̀sẹ̀ náà, táyà ló ń retí. Ti Morákinyọ̀ ni.

"Bátìrì mi?" Morákinyọ̀ wí. Ó ti di àgbà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì darúgbó. "Kí Ilésanmí lè wakọ̀ láti ọ̀run?"

"Yèyé Ilésanmí ló fẹ́ rí i," Sànúsí wí. "Ojú wọn ń lọ."

Morákinyọ̀ gbé fìlà kúrò lórí, ó tún gbé e padà. "N ó gbé e wá fúnra mi," ó ní. "Mi ò fi bátìrì mi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sì dé kọ́nà tó kọsẹ̀, n ó wà níbẹ̀."

Wọ́n to ojú irin náà yípo sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àṣàkẹ́. Àwọn ará ilé yọjú, àwọn aládùúgbò dúró síta. Ojú irin mẹ́ta ló wà lára òbìrí náà, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan láàárín. Sànúsí mú ẹnu bátìrì kan, ó fi wáyà so ó mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó mú ẹnu kejì, ó fi kan ti ẹ̀gbẹ́ òsì. Iná ṣẹ́ yọ. Wáyà pọ́n, èéfín rú túú. Morákinyọ̀ fò mọ́ bátìrì rẹ̀, ó já wáyà náà dànù.

"O fẹ́ sun ulé mọ́ wa lórí," ó ní. Àwọn tó wà níta rẹ́rìn-ín. Sànúsí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka ọwọ́ rẹ̀ tó jó.

Àṣàkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń retí.

Sànúsí wá jókòó sílẹ̀ láàárín gbogbo wọn. Ó rántí dáínámò kẹ̀kẹ́. Wáyà kan ṣoṣo ló ń lọ sí àtùpà kẹ̀kẹ́. Iná ń gba wáyà náà lọ, ara irin kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gbà padà. Bí ojú irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ́ ọ̀nà kan náà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ti àárín ni ahọ́n kékeré yẹn ń lá? Ó gbé ọkọ̀ lé ojú irin, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ahọ́n náà jókòó sórí ti àárín rẹ́gí, bí ìdérí ṣe ń jókòó sórí ìkòkò rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń mi orí. Ẹni tó ṣe nǹkan yìí ti ro gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ de ẹni tí yóò wá bá a, bí ẹni náà bá lè ṣe sùúrù.

Ó so wáyà tuntun, ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Kò sí èéfín. Gbogbo èèyàn sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ kò rìn. Sànúsí fi ìka tì í, kò rìn. Ó gbọ́ ohùn kan lókèèrè nínú rẹ̀, bí ẹṣinṣin tó há sínú ìgò, ohùn náà sì dákẹ́.

"Mo ti wí," Morákinyọ̀ ní. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni pé kò dùn mọ́ ọn tó bó ti rò. Ó gbé bátìrì rẹ̀, ó lọ, àwọn èrò náà sì fọ́n ká.

Sànúsí gbé ọkọ̀ náà padà sí ìsọ̀, ó tú u. Ó fi sukudiráfà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń tú aago yọ ìṣó mẹ́rin, ó ṣí èèpo rẹ̀, ó sì rí inú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó yẹ kí eyín irin wà níbẹ̀ tó ń jẹ ara wọn. Ohun dúdú kan tó gan bí oje igi ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó ti ṣàn wọ ibi gbogbo, ó ti dì, ó sì ti lẹ̀ mọ́ èédú kékeré méjì tó yẹ kí ó máa gbé iná fún ẹ̀rọ. Sànúsí gbé e sí imú. Òórùn náà kò ṣòro dá mọ̀, ara gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní Èkìtì ló ti wọ̀ rí. Àdín ni.

Ó mọ ẹni tó fi pa á. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́ débi pé kò lè jẹun alẹ́, Sàfúrátù sì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ìyá kan pé òróró ọwọ́ rẹ̀ ló pa nǹkan ọmọ rẹ̀?"

"Bó ṣe rí ni kí o sọ," Sàfúrátù dáhùn. "Ẹni tó ti sin ọmọ, òótọ́ wo ló tún kù tí yóò bà á lẹ́rù?"

Ní òwúrọ̀, Sànúsí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àṣàkẹ́. "Yèyé, àdín ló dì í. Ó ti wọ inú rẹ̀ lọ, ó ti gan. Uná kò lè gba inú òróró kọjá."

Àṣàkẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Oṣooṣù ni mo ń pa á," ó ní. "Mo ní kí ara rẹ̀ mọ́ ba à ṣá. Bí mo ṣe ń pa á fún un nígbà tó wà lọ́wọ́ náà ni. Ṣé èmi ni mo wá dá a dúró?"

"Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó dípẹtà," Sànúsí wí, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. "Ọ̀rìnrìn òjò gbogbo ọdún wọ̀nyí! Bó bá dípẹtà ni, gbogbo eyín inú rẹ̀ ì bá ti jẹ dànù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Àdín ṣeé fọ̀."

Obìnrin náà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Gbé e wá," ó ní. "Èmi ni mo fi pa á. Èmi ni n ó wẹ̀ ẹ́."

Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Sànúsí da kẹrosíìnì sínú àwo, ó ń tú ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e lé e lọ́wọ́. Àṣàkẹ́ ń fi ìyẹ́ adìẹ fọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ kò ríran tó, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń wá ìdọ̀tí rí níbi tí ojú Sànúsí gan-an kò ti rí i. Ó fọ eyín irin, ó fọ ẹsẹ̀, ó fọ ọ̀pá, ó fọ ahọ́n. Kò sunkún. Kẹrosíìnì náà di dúdú, wọ́n dà á nù, wọ́n bu òmíràn. Sànúsí gbàgbé ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ìka obìnrin náà. Ó ti ń rí ẹ̀rọ láti kékeré, ó sì ti rò pé kò sí ohun tó lè ya òun lẹ́nu jù wọ́n lọ.

Ó ku àtúnṣe kan. Ọ̀kan nínú èédú kékeré méjèèjì ti jẹ tán, kò ṣeé lò mọ́. Sànúsí fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, ó yọ ọ̀pá èédú àárín rẹ̀, ó fi abẹ fá a díẹ̀díẹ̀ títí tó fi wọ inú ihò náà. Ó kán òróró maṣíìnì ìránṣọ sí ìdí àwọn ẹsẹ̀, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan péré. Ó dé èèpo padà. Nígbà tó fi ìka yí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yí wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n tún to ojú irin náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Morákinyọ̀ gbé bátìrì rẹ̀ dé, ó gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ kọ́nà, ó jókòó. Àwọn èrò pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Sànúsí fa Àṣàkẹ́ sún mọ́ ibi tí oòrùn ti ń wọlé, kí ojú òsì rẹ̀ lè ríran. Ó ní, "Bísímílà," ó so wáyà.

Ọkọ̀ náà jí. Ó ta kìjí síwájú, iná ta pàrà lábẹ́ rẹ̀, ó dúró. Ẹnì kan pòṣé. Sànúsí gbé e kúrò, ó fi aṣọ àti eérú fọ ojú irin náà yípo títí tó fi ń dán, nítorí eruku ọdún wọ̀nyẹn wà lórí rẹ̀. Ó tún gbé ọkọ̀ lé e.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró. Ó lọ. Àwọn ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè, wọ́n ń lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ń yí, ohùn rẹ̀ sì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ohùn tó lọ geere tí kò sinmi. Ó ń bọ̀ wá sí ibi tí Morákinyọ̀ jókòó sí. Morákinyọ̀ ti tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì mọ́ afẹ́fẹ́ láìmọ̀, bí ẹni tó fẹ́ bá a yí sítíárìn. Ọkọ̀ náà kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó tẹ̀ lé kọ́nà, ó yà, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀ ṣí fìlà. Obìnrin kan fi ọmú sẹ́nu ọmọ rẹ̀ kó má baà ké. Ọkọ̀ náà tún yípo dé, ó tún yà. Ó yà, ó yà, kò sì sí ọwọ́ kankan lára rẹ̀.

Morákinyọ̀ bọ́ sílẹ̀ kúrò lórí àga. Ó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tòun ti agbádá, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà bó ṣe ń kọjá. Ó rí ètè tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà létí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó di ojú irin mú láti inú, tí kò jẹ́ kí ó yẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Ọ̀nà ló ń tọ́ ọ," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni sítíárìn."

Àṣàkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ ń bá ọkọ̀ náà yípo. "Kò ní," ó ní.

"Kò ní, Yèyé," Sànúsí dáhùn.

Omi wá bọ́ lójú rẹ̀, láti inú èyí tó ń ríran àti èyí tí kò ríran. Ayọ̀ ni, ẹ̀dùn sì ni. Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé orí sókè.

"Morákinyọ̀."

Morákinyọ̀ kò tíì dìde nílẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ níbẹ̀ gan-an. "Yèyé, mo jẹ̀bi. Ẹ foríjì mí."

"Mọ́ bẹ̀ mí," Àṣàkẹ́ wí. "Kì í ṣe èmi lo pè ní òpùrọ́."

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé. Ó yé gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ilé náà ni wọ́n sin Ilésanmí sí. Òbí kì í dé ojú oórì ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, ìyá rẹ̀ kò tẹ apá ibẹ̀ rí, ọ̀nà ìta ló ń gbà yípo bó bá fẹ́ pọn omi.

"Èmi ò lè dé ibẹ̀," ó ní. "Ìwọ lè dé ibẹ̀. Ẹ gbé e lọ, kí o wí i fún un."

Morákinyọ̀ gbé bátìrì náà lé èjìká ara rẹ̀, ásíìdì ń kán sí agbádá rẹ̀, kò wo ibẹ̀. Sànúsí kó ojú irin. Kò sí ẹlòmíràn tó tẹ̀ lé wọn. Sìmẹ́ńtì orí sàréè náà tẹ́jú. Sànúsí gbá ewé kúrò lórí rẹ̀, ó to òbìrí náà síbẹ̀, ó so wáyà. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yípo lórí Ilésanmí, nínú oòrùn ọ̀sán.

Morákinyọ̀ lóṣòó.

"Ilésanmí," ó ní, "èmi Morákinyọ̀ ni. Mo ti rí i. Kò ní sítíárìn. Òótọ́ lo wí, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọ." Ó fi etí agbádá bo ojú.

Láti iwájú ilé, wọ́n gbọ́ ohùn Àṣàkẹ́ tó gba orí òrùlé páànù kọjá. "Ṣé ó ń yà níbi kọ́nà?"

Sànúsí wo Morákinyọ̀, ojú rẹ̀ ṣì wà nínú agbádá. "Ó ń yà, Yèyé," òun fúnra rẹ̀ wí. "Fúnra rẹ̀ ló ń yà."

"Gbóhùn sókè," ni ìyá náà wí, "kó lè gbọ́."

Sànúsí gbóhùn sókè, ó tún un wí.